Ọmọ Mẹ́rin Kò Rí Àyè Gba Bàbá àti Ìyá Wọn

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí. Òun ni a fi ń gba ara wa níyànjú nígbà tí a bá ń san owó ilé-ìwé, nígbà tí a bá ń ta aṣọ inú àpótí kí ọmọ má baà kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ fún wa ohun tí òkété yóò ṣe bí ọmọ bá kọ̀ tí kò fún un ní ọmú mu. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, sinimá kan láti ilẹ̀ Íńdíà ni ó sì gbé e wá sí mi lọ́kàn.

Orúkọ sinimá náà ni Baghban. Ní èdè Hindi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni olùtọ́jú ọgbà, ẹni tí ó ń gbin igi, tí ó ń bomi rin ín, tí ó sì ń ro ìdí rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2003 ni ó jáde. Ravi Chopra ni ó darí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, B. R. Chopra, ni ó gbé e jáde, ẹni tí gbogbo Íńdíà mọ̀ bí ẹní mowó nítorí eré Mahabharat tí ó ṣe fún tẹlifíṣàn láti 1988 sí 1990. Amitabh Bachchan ni ó ṣe bàbá nínú rẹ̀, Hema Malini ṣe ìyá, Salman Khan sì ṣe ọmọ tí wọ́n gbà tọ́. Sinimá náà gùn tó nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, orin sì pọ̀ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí pé sinimá Íńdíà kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Láti nǹkan bí ọdún 1950 lé díẹ̀ ni àwọn ará Lẹ́bánọ́nì tí a ń pè ní Kòráà ti ń kó o wá sí àwọn ilé sinimá ní Nàìjíríà. A kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń sunkún lórí ọmọ rẹ̀, àwa náà a máa sunkún. Ẹni tí ó bá ti wo Mother India, èyí tí ó jáde ní 1957, kò lè gbàgbé Nargis tí ó ṣe ìyá nínú rẹ̀, bí ó ti fi ara rẹ̀ fa ohun ìtúlẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, àti bí ó ti fi ìbọn pa ọmọ kan náà tí ó jìyà lé lórí, nígbà tí ọmọ náà di olè tí ó sì ń jí ọmọbìnrin ọlọ́mọ gbé lọ. Ọ̀rọ̀ òbí tí ó fi gbogbo ohun tí ó ní jìn fún ọmọ ti wà nínú sinimá wọn tipẹ́. Ti Baghban yàtọ̀ ní ọ̀nà kan: kò sí ọlọ́ṣà nínú rẹ̀, kò sí ìyàn, kò sí olówó èlé. Ilé àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ń gba owó oṣù ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

BÀBÁ TÍ KÌ Í SỌ PÉ KÒ SÍ

Bàbá náà ń jẹ́ Raj Malhotra. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni. Pooja ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó ti di ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, síbẹ̀ ìfẹ́ wọn dàbí ti ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n bí ọmọkùnrin mẹ́rin, Ajay, Sanjay, Rohit àti Karan. Ohun tí ọmọ bá béèrè, bàbá kì í sọ pé kò sí. Ó sanwó ẹ̀kọ́ wọn, ó ràn wọ́n lọ́wọ́ títí wọ́n fi ní ilé àti iṣẹ́ tiwọn. Ó tún rí ọmọ kan tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá, Alok ni orúkọ rẹ̀, ó sanwó ẹ̀kọ́ òun náà, ó sì tọ́ ọ bí ọmọ inú ara rẹ̀.

Nígbà tí Raj fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò sí owó kankan tí ó lè fi gbọ́ bùkátà ilé. Ó ti ná gbogbo rẹ̀ sórí àwọn ọmọ. Èyí kò bà á lẹ́rù, nítorí lójú rẹ̀ ọmọ mẹ́rin sàn ju owó báǹkì lọ. Ó pe àwọn ọmọ náà jọ, ó sọ fún wọn pé òun àti ìyá wọn fẹ́ wá máa gbé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ wo ojú àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣe ìpàdé tiwọn. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́rin tí ó fẹ́ gba àwọn méjèèjì papọ̀. Ni wọ́n bá gbìmọ̀ pé kí bàbá lọ sí ilé ẹnìkan fún oṣù mẹ́fà, kí ìyá lọ sí ilé ẹlòmíràn, bí oṣù mẹ́fà bá sì pé, kí wọ́n tún kó lọ sí ilé àwọn méjì yòókù. Èrò wọn ni pé àwọn àgbà náà yóò kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà gbà á pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn. Báyìí ni wọ́n ṣe pín bàbá àti ìyá bí ẹni ń pín ẹrù olóògbé, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè.

OṢÙ MẸ́FÀ NÍ ILÉ ỌMỌ

Raj lọ sí ilé Sanjay. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó jókòó sí àga orí tábìlì oúnjẹ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní kí ó dìde, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ òun máa ń jókòó, ó sì ń kánjú lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá: wọ́n gbé bàbá dìde lórí àga nínú ilé ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ fi owó kọ́ ní ìwé. Bí ó bá jí ní òru tí ó sì fẹ́ fi ẹ̀rọ taípù kọ̀wé, wọ́n á ní ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn sùn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré, Rahul, nìkan ni ó fẹ́ràn rẹ̀ nínú ilé náà.

Pooja wà ní ilé Ajay. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Payal, ti di ọ̀dọ́mọbìnrin, kò sì ka ìyá àgbà sí nǹkan kan. Ìgbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ fi ipá bá a lò tí ìyá àgbà sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ tó là. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ọ̀rẹ́ ìyá bàbá rẹ̀.

Lójoojúmọ́ ni tọkọtaya náà ń wá ọ̀nà láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ní apá àríwá Íńdíà, àwọn ìyàwó ẹlẹ́sìn Híńdù ní ọjọ́ ààwẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Karva Chauth. Láti ìdájí títí òṣùpá yóò fi yọ ni wọn kì í jẹun, tí wọn kì í sì í mu omi, kí ẹ̀mí ọkọ wọn lè gùn. Ọkọ ni í fún ìyàwó ní omi tí ó fi ń ṣínu. Ní ọdún tí à ń wí yìí, Pooja kò rí ọkọ rẹ̀ lójú. Ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù ni ó gbọ́ kí ó tó ṣínu. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó wo ibí yìí tí omi kò bọ́ lójú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n.

Kò sí ẹni tí ó na àwọn àgbà méjì yìí. Kò sí ẹni tí ó lé wọn jáde sí ìta. Ohun tí ó mú kí sinimá yìí máa dun ni nìyẹn, nítorí pé ìwà tí àwọn ọmọ náà hù jẹ́ irú èyí tí ènìyàn rere lè hù láìmọ̀ pé òun ń ṣe ibi. Ọ̀rọ̀ àga ni, ọ̀rọ̀ ariwo òru ni. Bí a bá sọ ọ́ fún ará ìta, yóò dàbí ẹ̀sùn kékeré. Nínú ọkàn bàbá tí ó ń gbọ́ ọ, kò kéré.

ALOK DÉ

Ọkùnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Hemant, òun àti ìyàwó rẹ̀ ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní tòsí ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Raj ń sá lọ, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń jẹun níbẹ̀ sì sọ ọ́ di bàbá wọn. Níbẹ̀ ni Raj ti ń kọ ìtàn ayé rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀, àti bí ọmọ ṣe ṣe wọ́n.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ilé, tọkọtaya náà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Vijaynagar, ìlú tí wọ́n ti gbé rí nígbà èwe wọn, kí wọ́n lè rí ara wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n rìn káàkiri bí ọ̀dọ́. Ẹni tí ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rò pé olówó ni wọ́n, ó fi ọkọ̀ gbé wọn kiri. Wọ́n dé òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti lo ọjọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn, wọ́n sì gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní ìlú náà ni Alok ti rí wọn. Alok ti di ẹni ńlá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó kó wọn lọ sí ilé rẹ̀, òun àti Arpita ìyàwó rẹ̀ sì ń tọ́jú wọn bí ọba àti olorì.

Hemant ti fi ìwé tí Raj kọ fún àwọn tí ń tẹ̀wé. Ìwé náà tà, ó mú owó àti òkìkí wá, wọ́n sì fi ẹ̀bùn dá Raj lọ́lá. Àwọn ọmọ mẹ́rin gbọ́, wọ́n sáré wá. Níwájú gbogbo èrò ni Raj ti sọ̀rọ̀, tí ó ní òbí kì í ṣe àkàbà tí ọmọ ń gùn lọ sókè kí ó tó tì í dànù. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kò dárí jì wọ́n, ìyá pàápàá kò dárí jì wọ́n. Rahul àti Payal nìkan ni wọ́n gbá mọ́ra.

SINIMÁ AMẸ́RÍKÀ TI 1937

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n mú sinimá mìíràn wá síwájú yín, nítorí pé òun ni yóò jẹ́ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní 1937, ní Amẹ́ríkà, Leo McCarey ṣe sinimá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Make Way for Tomorrow. Bàbá kan àti ìyá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn fún àádọ́ta ọdún. Báǹkì gba ilé wọn. Wọ́n ní ọmọ márùn-ún, kò sí èyí tí ó gba àwọn méjèèjì. Bàbá lọ sí ilé ọmọ kan, ìyá lọ sí ilé òmíràn, tẹlifóònù ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n pàdé fún ọjọ́ kan ní New York. Ẹni tí ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbé wọn kiri, wọ́n sì lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti lo ọjọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn, máníjà ibẹ̀ sì ṣe wọ́n dáadáa.

Ẹ rí i pé ìtàn méjèèjì jọra bí ìbejì títí dé ibi yìí. Ibi tí wọ́n ti yà ni èyí: ní Amẹ́ríkà, Alok kò yọ. Bàbá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọ̀nà jíjìn lọ́dọ̀ ọmọ mìíràn, ìyá dúró ní ibùdókọ̀, ilé àwọn arúgbó ni ó sì ń lọ. Àwọn méjèèjì mọ̀ nínú ọkàn wọn pé ó dìgbà kan. Níbẹ̀ ni sinimá náà parí sí. Ní ọdún kan náà McCarey ṣe sinimá apanilẹ́rìn-ín kan, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Oscar lórí rẹ̀, òun sì sọ pé wọ́n ti fún òun ní ẹ̀bùn náà nítorí sinimá tí kì í ṣe òun ni ó yẹ.

Mo fẹ́ràn ìparí ti Íńdíà. Inú mi dùn nígbà tí Alok dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè èwo nínú méjèèjì ni ó wọ́pọ̀ jù lójú ayé, ti Amẹ́ríkà ni n ó tọ́ka sí. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ̀rún òbí ni yóò ní Alok. Àwọn tí yóò kọ ìwé tí yóò mú owó ńlá wá kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Bí a bá yọ Alok àti ìwé náà kúrò nínú Baghban, Raj àti Pooja ìbá ti padà wọ ọkọ̀ ojú irin ní Vijaynagar, oníkálukú wọn ìbá sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

OJÚ OWÓ

Mo sọ ìtàn yìí fún ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà wa. Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, àwọn ọmọ yẹn kò ṣe dáadáa, Ọlọ́run kò ní fi irú wọn ta wá lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá wọn lẹ́bi tán kí ẹ má kan bàbá wọn. Bí mo bá ta ọjà, mo ní èrè, mo ní ojú owó. Èrè ni mo fi ń sanwó ilé-ìwé. Bí mo bá fi ojú owó náà sanwó ilé-ìwé, kí ni n ó fi ra ọjà mìíràn? Òṣìṣẹ́ báǹkì ni bàbá yẹn, kò sì mọ èyí?"

N kò rí èsì fún ìyá náà. Sinimá yìí fi ìjìyà àwọn òbí hàn wá dáadáa, ṣùgbọ́n kò bi Raj léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tí a fún ọmọ ní ọ̀fẹ́, ẹ̀bùn ni. Bí a bá wá ń retí pé kí ó padà wá bọ́ wa, ó ti di owó tí a yá a, láìṣe pé ọmọ náà mọ̀ pé òun jẹ gbèsè. Alok ni Raj tọ́ láìretí nǹkan kan, òun ni ó sì rántí. Èyí tọ́ sí àròjinlẹ̀. Èmi gbà pé ọ̀kan nínú ìdí tí ọwọ́ òbí fi yẹ kí ó ní nǹkan nínú ní ọjọ́ ogbó ni kí ìfẹ́ òun àti ọmọ rẹ̀ má baà di ọ̀rọ̀ ajẹgbèsè àti olówó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ìyàwó ilé tí ó wo sinimá náà sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn ìyàwó ọmọ ni ó gba ìbáwí jù nínú rẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin mẹ́rin náà kò ní ẹnu. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Sanjay wà nínú ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ dìde. Kò ju kí ó sọ pé, "Ẹ jókòó, Bàbá, èmi yóò jókòó síbí," ọ̀rọ̀ ìbá sì ti tán. Ìyàwó kì í sábà tàbùkù òbí tí ọkọ fúnra rẹ̀ bá ń bọ̀wọ̀ fún.

ÒFIN TI 2007

Àwọn ará Íńdíà pàápàá mọ̀ pé omijé sinimá kò tó. Ní 2007, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Baghban jáde, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin ìtọ́jú àwọn òbí àti àwọn arúgbó. N kò sọ pé sinimá ni ó bí òfin náà, ṣùgbọ́n ìyà kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Òfin náà fún òbí tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ ní àǹfààní láti pe ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún un, kí wọ́n pàṣẹ pé kí ọmọ máa san owó oṣooṣù fún un. Iye tí òfin náà fi lélẹ̀ ní 2007 kò gbọdọ̀ ju 10,000 rúpì lọ lóṣù. Ẹni tí ó bá pa arúgbó tí ó wà ní ìtọ́jú rẹ̀ tì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí kí ó san ìtanràn tí ó tó 5,000 rúpì, tàbí méjèèjì. Òfin náà tún ní, bí arúgbó bá fún ẹnìkan ní ilé tàbí ilẹ̀ lórí àdéhùn pé yóò tọ́jú òun, tí ẹni náà kò sì ṣe é, a lè gba ohun náà padà.

Ní Amẹ́ríkà bákan náà, ọdún méjì ṣáájú sinimá McCarey, ní 1935, ni wọ́n ṣe òfin owó àwọn arúgbó, owó oṣooṣù àkọ́kọ́ sì jáde ní 1940. Ó pẹ́ jù fún irú bàbá àti ìyá tí ó wà nínú sinimá náà. Òfin lè mú ọmọ san owó. Kò lè mú un dìde lórí àga fún bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ tọ́ ọmọ yín, ẹ rán wọn lọ sí ilé-ìwé dé ibi tí agbára yín bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ jẹ ojú owó. Ẹ ní ibi tí ẹ ó máa gbé tí kì í ṣe ilé ọmọ, ì báà ṣe yàrá méjì. Ẹ má fi ọwọ́ sí ìwé ilé fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ẹ ṣì ń gbé inú rẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè ohun tí ó ju agbára lọ, ẹ sọ fún un pé kò sí, kí ó lè mọ̀ láti kékeré pé bàbá àti ìyá òun náà máa ń nílò nǹkan.

Ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín ṣì wà láàyè, bí ilé yín kò bá gbà wọ́n, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ̀yin àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín sì dáwó jọ gba ibì kan fún wọn ní tòsí yín. Ọmọ mẹ́rin tí ó ń gba owó oṣù lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ìnira púpọ̀, kò sì sí èyí tí ó rò ó nínú àwọn ọmọ Raj. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe, ẹ má ya àwọn àgbà méjì tí wọ́n ti bá ara wọn gbé fún ogójì ọdún. Ẹni tí ọmọ sin ni ó bímọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìsìnkú ńlá kò lè dípò oṣù mẹ́fà tí bàbá fi ń pe ìyá lórí tẹlifóònù láti ilé ọmọ kan sí ilé ọmọ kejì.